Oúnjẹ àárọ̀ nílé ìwé: ṣé ó ń mú ọmọ mọ̀wé, kí ló sì yẹ kó wà nínú ife?

Olùkọ́ àgbà kan nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́ kọ̀wé báyìí pé: "Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni ni mo ń bójú tó. Ọmọ 120 ló wà níbẹ̀, láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Bó bá ti ń di aago mẹ́sàn-án, àwọn kan á ti máa sùn lórí tábìlì, àwọn míì á máa bá ara wọn jà. A bèèrè, wọ́n ní àwọn kò jẹun kí àwọn tó wá. Mo fẹ́ ká máa fún wọn ní ẹ̀kọ mímu láàárọ̀. Àwọn òbí kan gbà, àwọn kan ní a fẹ́ fi gbowó ni, bàbá kan tiẹ̀ ní oúnjẹ ilé ìwé ló ń sọ ìyá ọmọ di ọ̀lẹ. Ṣé lóòótọ́ ni oúnjẹ àárọ̀ ń mú kí ọmọ mọ̀wé? Kí ni ká fún wọn, báwo la ó sì ṣe ṣe é tí kò fi ní di wàhálà sí wa lọ́rùn?"

Ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ, mà. Bí mo bá tú ìbéèrè yín palẹ̀, ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ṣé oúnjẹ àárọ̀ wúlò fún ẹ̀kọ́ ọmọ, kí ni ká fi sínú ife, àti ọ̀nà wo la ó gbà ṣe é tí owó, àkókò àti ẹnu àwọn òbí kò fi ní pa á. N ó pẹ́ díẹ̀ lórí èyí àkọ́kọ́, torí ohun tí ẹ bá gbà gbọ́ níbẹ̀ ni ẹ máa sọ fún àwọn òbí. Bí ẹ bá ṣèlérí kọjá bó ṣe yẹ, tẹ́ẹ̀mù kejì ni wọ́n máa wá bi yín pé ipò kìíní tí ẹ ní ọmọ àwọn máa gbà dà. Ìdáhùn kúkúrú ni pé ó wúlò, àmọ́ èrè rẹ̀ kò tóbi tó bí àwọn kan ṣe ń pariwo rẹ̀. Oúnjẹ kì í kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gbé ọmọ dé ilé ìwé lásìkò, ó sì ń jẹ́ kí ojú rẹ̀ là sílẹ̀ nígbà tí olùkọ́ bá ń kọ́ ọ. Bí olùkọ́ bá ń fi àkókò iṣẹ́ bu ẹ̀kọ, owó yín ti wọgbó.

Ẹ jẹ́ ká ka wákàtí tí ọmọ fi ń wà láìjẹun. Ọmọ tó jẹun alẹ́ ní aago méje ààbọ̀, tó kúrò nílé láàárọ̀ láìfi nǹkan kan kan ẹnu, tó sì dúró de ìsinmi aago mẹ́wàá ààbọ̀, wákàtí 15 ló fi gbààwẹ̀. Àgbàlagbà lè fara dà á. Ẹ̀dọ̀ ọmọ kéré, ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ ń kó pa mọ́ de òru kì í pọ̀, ọpọlọ rẹ̀ sì ń jẹ ju ti àgbàlagbà lọ bí a bá fi ìwọ̀n ara wọn wéra. Bí ìpamọ́ yẹn bá ti ń tán lọ, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ agbára ná. Ọmọ á máa yán, orí á máa fọ́ ọ, ohun tí olùkọ́ sọ lẹ́ẹ̀mejì kò ní wọ̀ ọ́ létí. Àwọn míì kì í sùn ní tiwọn, ńṣe ni inú á máa bí wọn láìnídìí. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ kan àga wọn lásán ti dá ìjà sílẹ̀. Olùkọ́ á ní olóríkunkun ni.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ń sùn ní aago mẹ́sàn-án ni ebi ń pa. Òmíràn pẹ́ nídìí tẹlifíṣọ̀n. Òmíràn bá ìyá rẹ̀ jókòó ti ọjà títí di aago mẹ́wàá alẹ́. Ibà lè wà lára ẹlòmíràn, aran lè wà nínú ẹlòmíràn, ojú ẹlòmíràn kò sì ríran dé ara pátákó. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ìkòkò, ẹ lo ọ̀sẹ̀ kan láti wádìí. Kí olùkọ́ kíláàsì máa pe ọmọ kọ̀ọ̀kan wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀, kó bi í ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Kí lo jẹ kẹ́yìn? Ìgbà wo ni?" Ẹ má ṣe bi wọ́n pé "Ṣé o ti jẹun?" lójú gbogbo kíláàsì, torí bẹ́ẹ̀ ni ni wọ́n máa dá yín lóhùn, ọmọ ọdún mẹ́jọ ti mọ ìtìjú, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un nílé pé a kì í tú àṣírí ilé síta. Kí olùkọ́ kọ ohun tí ọmọ sọ sílẹ̀, kó fi àmì sí i bí ọmọ náà bá sùn tàbí tó jà kí ìsinmi tó dé. Lópin ọ̀sẹ̀, ẹ wo àkọsílẹ̀ náà pọ̀. Bí àwọn tó jẹun bá ń sùn bí àwọn tí kò jẹ, ìkòkò kọ́ ni oògùn wàhálà yín.

Ohun tó ṣeé ṣe kí ẹ rí nínú ìwé yẹn ni pé ọmọ tí kò fi nǹkan kan kan ẹnu rárá kò pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò. Ọ̀pọ̀ ló jẹ nǹkan, àmọ́ nǹkan tí kò lè gbé wọn dé ìsinmi: tíì pẹ̀lú búrẹ́dì funfun, gààrí tí kò ní epa, tàbí bisikíìtì tí wọ́n fi owó ọwọ́ rà lẹ́nu géètì. Ìyẹn ń tètè dà, ebi á sì ti padà dé kí ìṣirò tó parí. Tíì tún ní àléébù tirẹ̀: bí ọmọ bá ń mu ún pẹ̀lú oúnjẹ, kì í jẹ́ kí ara gba èròjà irin tó fi ń ṣẹ̀dá ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Ẹ má ṣe fi tíì sínú ètò yín rárá.

Ní ti bàbá tó ní ìyá á di ọ̀lẹ, ìyá tó ń ná gààrí ní ọjà oko ti wà lórí ọ̀kadà kí ilẹ̀ tó mọ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni kò jẹ́ kó dáná. Ẹ lè fi ọ̀wọ̀ bi bàbá náà pé ta ló ń dáná àárọ̀ nílé tirẹ̀ bí ìyá ọmọ bá ti jáde. Àmọ́ ẹ má ṣe fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn tán. Ìjọba Wales bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ àárọ̀ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2004, àwọn olùṣèwádìí sì tọ ipa rẹ̀ ní ilé ìwé 111. Oúnjẹ tí àwọn ọmọ ń jẹ láàárọ̀ dára sí i, àmọ́ iye ọmọ tí kì í jẹun àárọ̀ rárá kò dín kù. Lédè mìíràn, àwọn tó ń jẹ nílé tẹ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá jẹ nílé ìwé. Yóò ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ yín náà pé àwọn ilé kan á ṣíwọ́ dídáná. Bí ohun tó wà nínú ife yín bá sàn ju tíì àti búrẹ́dì lọ, èmi kò rí àdánù níbẹ̀.

Wàyí o, ìwé kíkà. Ìwádìí tí mo fọkàn tán jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tí wọ́n ṣe ní ìgbèríko Jamaica, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1998. Ilé ìwé 16 ni, ọmọ 814, láti kíláàsì kejì dé ìkarùn-ún. Wọ́n ṣẹ́ kèké pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì: ọ̀kan ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ lójoojúmọ́ ilé ìwé, èkejì ń gba ìdá kan nínú ọsàn tí a gé sí mẹ́rin. Lẹ́yìn ọdún ẹ̀kọ́ kan, àwọn tó ń jẹun ń wá sílé ìwé ju àwọn yòókù lọ, wọ́n ga díẹ̀, wọ́n sì sanra díẹ̀ sí i. Ìṣirò àwọn ọmọ kéékèèké dára sí i. Ti àwọn àgbà kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni kíkà àti sípẹ́lì kò yí padà fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ẹ lè fi ìgboyà sọ fún òbí nìyẹn: ọmọ á máa wá déédéé, ara rẹ̀ á yá, ọmọ kíláàsì ìsàlẹ̀ lè ṣe dáadáa sí i nínú ìṣirò. Ẹ má lọ kọjá ibẹ̀.

Àwọn olùṣèwádìí Jamaica tún ṣe èyí tí olùkọ́ àgbà yẹ kó mọ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ní ilé ìwé mẹ́rin, wọ́n jókòó sí kíláàsì, wọ́n ń wo ìwà àwọn ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n jẹun àti lọ́jọ́ tí wọn kò jẹ. Níbi kan ṣoṣo tí kíláàsì ti wà létòlétò, tí àga àti ìwé ti tó, àwọn ọmọ gbájú mọ́ iṣẹ́ sí i lẹ́yìn oúnjẹ. Ní àwọn mẹ́ta yòókù, tí èrò ti pọ̀ jù tí ohun èlò kò sì tó, ariwo ló pọ̀ sí i. A máa ń sọ pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni, àmọ́ kò sí ibi tí òwe yẹn ti sọ pé bí ebi bá jáde, ìwé ló máa rọ́pò rẹ̀. Bí kò bá sí iṣẹ́ lójú pátákó nígbà tí ọmọ bá nu ẹnu tán, eré ló máa fi agbára yẹn ṣe.

Kenya fi òmíràn kún un. Ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ náà, wọ́n fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi kan ní ẹ̀kọ mímu ọ̀fẹ́ láàárọ̀, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tí kò gbà. Nínú ọmọ 100, bíi 36 ló ń wà níkàlẹ̀ níbi tí oúnjẹ wà, bíi 27 níbi tí kò sí. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn. Àmọ́ èsì ìdánwò kò dára sí i àfi níbi tí olùkọ́ ti ní ìrírí, torí pé sísè àti pínpín oúnjẹ náà jẹ lára àkókò ẹ̀kọ́. Mo máa ń rí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ wa: wọ́n ní oúnjẹ aago mẹ́jọ, ẹ̀kọ kò jinná títí di aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú, wọ́n ń tò, wọ́n ń fọ ife, ó di aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìwé. Àádọ́ta ìṣẹ́jú lóòjọ́ ju wákàtí mẹ́rin lọ lọ́sẹ̀. Kò sí oúnjẹ tó lè san gbèsè yẹn.

Ní England, níbi tí wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ ní ilé ìwé 106, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2016, àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà sí méje fi bí oṣù méjì ṣíwájú àwọn ẹgbẹ́ wọn nínú kíkà, kíkọ àti ìṣirò. Wọ́n ń jẹ tiwọn kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùkọ́ níbẹ̀ sọ pé kíláàsì rọlẹ̀ sí i, tó fi jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn tí kò jẹun nílé ìwé pàápàá jàǹfààní. Ẹ fi ìyẹn wé ìjà aago mẹ́sàn-án tí ẹ ń rí.

Kí n má gbàgbé ètò ìjọba, torí òbí kan á dá a sílẹ̀. Èyí tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2016 wà fún kíláàsì kìíní sí ìkẹta ní ilé ìwé ìjọba, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni, ₦70 lórí ọmọ kan nígbà tó bẹ̀rẹ̀, tó wá di ₦100. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti bẹ̀rẹ̀ ètò oúnjẹ ilé ìwé tirẹ̀, O'Meals, ní 2012. Ilé ìwé aládàáni bíi tiyín kò sí nínú rẹ̀, nítorí náà àwọn òbí yín ló máa sanwó.

Ó di inú ife. Ẹ̀kọ mímu tí ẹ ní lọ́kàn dára fún ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ bí a ṣe ń ṣe é nílé kò tó. Nígbà tí a bá rẹ àgbàdo, tí a lọ̀ ọ́, tí a sì sẹ́ ẹ, apá kan nínú amúaradàgbà àti èròjà irin ti bá eèrí lọ sọ́dọ̀ ewúrẹ́, òmíràn ti bá omidùn lọ. Bí a bá tún wá fi omi là á kó lè kárí, omi gbígbóná tó ní ṣúgà ni ọmọ ń mu. Ẹ fi ṣíbí bù ú, kí ẹ dà á padà: ẹ̀kọ tó tọ́ á fi ara mọ́ ẹ̀yìn ṣíbí. Tí ẹ bá rí irin ṣíbí kedere, omi ti pọ̀ jù.

Sóyà ló máa tún un ṣe. FIIRO, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Oṣòdì, ti gbé ògì sóyà jáde tipẹ́, nínú èyí tí wọ́n ń lọ sóyà pọ̀ mọ́ àgbàdo. Fún ilé ìwé, mo fara mọ́ kí ẹ yan sóyà lọ́tọ̀, torí pé ògì tútù tó ní sóyà nínú kì í pẹ́ bàjẹ́, bí ẹ bá sì sẹ́ ẹ, ẹ tún sọ apá kan sóyà nù. Ẹ ṣa sóyà, ẹ yan án nínú agbada lórí iná tí kò le, ẹ máa rò ó láìdúró fún bí ogún sí ìṣẹ́jú 25, títí awọ rẹ̀ á fi máa bẹ́, tí òórùn rẹ̀ á sì jọ ti epa yíyan. Ẹ la ẹyọ kan sí méjì kí ẹ wo inú rẹ̀: bí àárín bá ṣì funfun tó tutù, kò tíì tó. Ẹ fẹ́ awọ rẹ̀ dànù, kí ẹ gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ èlùbọ́, kì í ṣe ti ata. Iná yíyan yìí ni ibi tí wọ́n ti ń ṣe é bàjẹ́ jù. Ohun kan wà nínú sóyà tútù tí kì í jẹ́ kí ara lo amúaradàgbà rẹ̀, iná ló sì ń pa á. Sóyà tí kò jinná ló ń kó inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru bá ọmọ, tí òbí á fi ní oúnjẹ yín lọ́wọ́ nínú. Ẹ má lọ èyí tí yóò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, torí òróró inú rẹ̀ ń tètè bà. Inú ike tó ní ọmọrí dídé ni kí ẹ kó o sí.

Fún ọmọ 120, ẹ fojú bu 300 mílílítà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di lítà 36. Ẹ máa nílò ògì tó wá láti ara àgbàdo gbígbẹ bíi kílò mẹ́rin, ìyẹ̀fun sóyà bíi kílò kan ààbọ̀, ìyẹn ṣíbí ńlá kan tó kún fún ọmọ kan, àti ṣúgà kílò kan péré. Ìkòkò méjì ni kí ẹ lò. Apá obìnrin kan kò lè ro lítà 36 dé ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ á jó, òórùn èéfín á gba gbogbo rẹ̀, àwọn ọmọ kò sì ní mu ún. Nílé, omi tó ń hó la ń dà sórí ògì tí a ti pò. Fún ìkòkò ńlá, ẹ yí i padà: ẹ gbé ìdá méjì nínú mẹ́ta omi ka iná, ẹ fi ìdá kan tó kù tútù po ògì àti sóyà pọ̀, ẹ fi asẹ́ mú kókó inú rẹ̀ kúrò, kí ẹ wá máa dà á sínú omi tó ń hó díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń rò ó. Nígbà tó bá ki, ẹ dín iná kù, kí ó wà lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí 15 sí i. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ó ti jinná látìgbà tó ti ki. Ògì ti jinná lóòótọ́, sóyà kò tíì parí.

Ẹ̀kọ nìkan kì í dúró nínú ọmọ kíláàsì karùn-ún. Ẹ fi búrẹ́dì kékeré tì í lọ́jọ́ mẹ́ta, kí ẹ fi mọ́ínmọ́ín tì í lọ́jọ́ méjì. Ẹ̀wà kílò mẹ́ta ààbọ̀, tó jẹ́ bíi kóńgò méjì ààbọ̀, ló máa tó mọ́ínmọ́ín 120, tí òróró rẹ̀ kò ní ju ìlàjì lítà lọ púpọ̀. Ẹ má ṣe lọ ẹ̀wà lálẹ́ de àárọ̀, torí ooru wa á mú un kan. Ọjọ́ Sátidé ni kí wọ́n ti bó ẹ̀wà, kí wọ́n sá a gbẹ táútáú. Rírẹ wákàtí kan ti tó fún un kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ ní ìdájí. Bí ó bá jẹ́ àkàrà lẹ fẹ́, ẹ gba alákàrà tó mọ́ tónítóní ní àdúgbò. Méjì fún ọmọ kan jẹ́ 240. Agbada tó ń gba 15 lẹ́ẹ̀kan, tó ń lo ìṣẹ́jú mẹ́fà, á gbà ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ, alásè yín kò sì ní lè fi iyẹn kún ẹ̀kọ. Bí apá bá ká a, ẹ fi ẹyin sísè kan kún un lọ́sẹ̀, kéréètì mẹ́rin géérégé. Nígbà ọsàn, ọgbọ̀n ọsàn tí a gé sí mẹ́rin-mẹ́rin kárí gbogbo wọn, ó sì ń ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà irin inú ẹ̀wà. Oúnjẹ méjì tí alásè mọ̀ ọ́n sè dáadáa sàn ju márùn-ún tó ń rú u lójú lọ.

Ní ti ewu, ẹ̀wà ló ń bà mí lẹ́rù jù. Àwọn oníṣòwò kan ń da òtapiapia sí i nítorí kòkòrò, rírẹ àti fífọ̀ ń dín in kù ni, kò lè mú un kúrò tán. Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ ibi tó ń kó o sí. Ẹ̀wà tí ẹ bá tú àpò rẹ̀ tí òórùn rẹ̀ ta yín nímú, ẹ dá a padà. Àgbàdo tàbí epa tó bá ti bu kò ṣeé ṣà lò; májèlé inú rẹ̀ kì í kúrò lójú iná. Ẹ fún òbí kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan kó kọ ohun tí ara ọmọ rẹ̀ kò gbà: ẹyin, epa, sóyà, mílíìkì. Ẹ̀kọ tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ má ṣe gbé e pamọ́ de ìsinmi. Kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 méjì ààbọ̀ ló máa tó ọwọ́ fífọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, bíi mẹ́rin mìíràn fún ife, bí ẹ kò bá sì ní kànga tàbí ẹ̀rọ omi nítòsí, ibẹ̀ ni ètò yín máa kọ́kọ́ já. Kí alásè lọ ṣe àyẹ̀wò nílé ìwòsàn kí ó tó bẹ̀rẹ̀, èyíkéyìí tí inú bá sì ń yà kò gbọdọ̀ sún mọ́ ìkòkò lọ́jọ́ yẹn.

Aago ni ọba ètò yìí. Kí iná ti jó ní aago márùn-ún ààbọ̀, kí ẹ̀kọ kúrò lórí iná ní aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ bù ú sínú ife kí àwọn ọmọ tó tò, torí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ máa ń jó ọmọ ní ètè ju omi lọ, ara ló ń lẹ̀ mọ́. Ife tánganran tó ní ọwọ́ dára. Ife irin lásán á jó wọn lọ́wọ́, wọ́n á sì jù ú sílẹ̀. Láti aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí aago méje kọjá ìṣẹ́jú 35 ni kí wọ́n jẹ, kíláàsì ìsàlẹ̀ kọ́kọ́. Ẹni méjì ní ibi pínpín ti tó, kí olùkọ́ kan ṣoṣo wà níbẹ̀ ní ọ̀jọ́-ọ̀jọ́, kí àwọn yòókù máa kọ iṣẹ́ sójú pátákó. Ọmọ tó bá pẹ́ dé ńkọ́? Ẹ fi tirẹ̀ sílẹ̀ títí agogo ìtòlẹ́sẹẹsẹ fi máa lù, lẹ́yìn ìyẹn kí ó wọ kíláàsì. Ẹ má ṣe fi oúnjẹ jẹ ọmọ níyà nítorí ìwà tàbí gbèsè owó ilé ìwé, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí olùkọ́ kankan ṣe é. Nígbà Ramadan, ẹ bi àwọn tó bá ń gbààwẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí ẹ lè dín ohun tí ẹ ń sè kù.

Owó ní ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ lè fi kún owó ilé ìwé fún gbogbo ọmọ, ẹ lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ nìkan, ẹ sì lè má dáná rárá, kí ẹ gbé ìsinmi kúrò ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ sí aago mẹ́sàn-án, kí ẹ ní kí òbí di oúnjẹ fún ọmọ. Ọ̀nà kejì ni mi ò fẹ́. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lè san ni ebi ń pa jù, òun ló máa dúró lẹ́nu ọ̀nà tí yóò máa wo ẹnu ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìkẹta kò náni ní kọ́bọ̀, mo sì rò pé kí ẹ kọ́kọ́ dán an wò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó máa ń tó fún ilé ìwé tí ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀ jẹ nǹkan díẹ̀ nílé. Bí ìwádìí yín bá fi hàn pé púpọ̀ wọn kò jẹ nǹkan kan, ẹ lọ sórí àkọ́kọ́. Ẹ kọ iye ohun èlò tí mo kà sókè yìí sílẹ̀, ẹ fi iye owó ọjà ọ̀sẹ̀ yẹn síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi gáàsì tàbí igi àti owó alásè méjì kún un, kí ẹ pín in sí 120. Ẹ lẹ ìwé náà mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì, kí òbí tó bá ní ẹ fẹ́ fi gbowó wá kà á fúnra rẹ̀. Ẹ ra sóyà àti ẹ̀wà lẹ́yìn ìkórè ìparí ọdún nígbà tí wọ́n rọjú, àmọ́ kí ẹ rí ibi gbígbẹ tí eku kò lè dé kí ẹ tó rà á jọ.

Àwọn nǹkan kan wà tí ife ẹ̀kọ kò ní yanjú. Ọmọ tó ní aran á ṣì máa bá aran pín in. Ẹ bi ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín nígbà tí wọ́n máa ń pín oògùn aran nílé ìwé. Ọmọ tó rù gan-an, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú tàbí tí irun rẹ̀ ń pọ́n, dókítà ni kó rí, kì í ṣe alásè. Kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ fún tẹ́ẹ̀mù kan péré, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ tó dé kí aago mẹ́jọ tó lù, iye tó sùn kí ìsinmi tó dé, àti aago tí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́ lójoojúmọ́. Ẹ kọ ti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kí ìkòkò tó gun iná, kí ẹ lè ní ohun tí ẹ máa fi wé e. Bí tẹ́ẹ̀mù bá parí tí ìyàtọ̀ kò sí, aago yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lọ fi ṣíbí bu ẹ̀kọ náà wò lọ́jọ́ tí alásè kò retí yín.